Nígbà tí ìṣirò bá dàrú, ta ni kernel ń sọ fún?

Bí ẹ bá kọ prógíráàmù kékeré kan ní èdè C, tó ń gba odidi nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, tó sì ń fi èkejì pín àkọ́kọ́, tí ẹ wá fún un ní 1 àti 0 lórí kọ̀ǹpútà x86 tó ń lo Linux, prógíráàmù náà yóò kú lójú ẹsẹ̀, ohun tí ẹ ó sì kà lójú ẹ̀rọ ni "Floating point exception". Ẹ wá jẹ́ kí prógíráàmù kan náà máa gba nọ́ńbà floating-point, ìyẹn irú èyí tí àmì dẹ́símà rẹ̀ lè sún síwá tàbí sẹ́yìn, kí ẹ sì fún un ní 1.0 àti 0.0. Kò ní kú. Yóò kọ "inf" jáde, èyí tó dúró fún àìlópin, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìṣirò tí kò ní floating-point kankan nínú ni a fi ẹ̀sùn floating-point pa. Èyí tó jẹ́ floating-point gan-an ni a jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa lọ.

Àwọn tó ń kọ prógíráàmù fẹ́ràn láti máa fi èyí ṣẹ̀fẹ̀, mo sì gbà pé ó pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka kóòdù kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn operating system tó ń darí ẹ̀rọ, sí i ni mo ń rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ló fara pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìṣirò bá dàrú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí iṣẹ́ dúró, ẹni tó yẹ kó gbọ́, àti ìgbà tó yẹ kó gbọ́. Operating system ló sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Lójú tèmi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àwọn ètò òde-òní yàn bọ́gbọ́n mu, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó di ẹrù kan lé àwa tó ń kọ prógíráàmù lórí, ẹrù tí púpọ̀ nínú wa kò sì gbé rí.

Ìlànà ìṣirò floating-point tó ń jẹ́ IEEE 754, tó jáde ní ọdún 1985, ni ìpinnu náà ti wá. William Kahan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ni òpó rẹ̀, wọ́n sì fi Turing Award dá a lọ́lá ní ọdún 1989. Oríṣi exception, ìyẹn ohun àìròtẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò, márùn-ún ni ìlànà náà kà. Àkọ́kọ́ ni ìṣirò tí kò nítumọ̀, bíi kí a fi òdo pín òdo, tàbí kí a yọ àìlópin kúrò nínú àìlópin. Èkejì ni kí a fi òdo pín nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo. Ẹ̀kẹta ni àkúnwọ́sílẹ̀, nígbà tí èsì bá tóbi ju àyè rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin ni òdìkejì rẹ̀, nígbà tí èsì bá kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ẹ̀karùn-ún sì ni èsì tí kò pé géérégé, tí prósẹ́sọ̀ ní láti gé ìdí rẹ̀ kó tó wọ àyè tó wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, tí kò sì sí àṣẹ mìíràn nílẹ̀, ohun tí ìlànà sọ ni pé kí prósẹ́sọ̀ mú èsì kan tí a ti yàn sílẹ̀ jáde, bíi àìlópin, tàbí NaN tó ń sọ pé ohun tí a rí kì í ṣe nọ́ńbà. Kó gbé àsíá kan sókè. Kí iṣẹ́ sì máa lọ. Àsíá náà kì í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún ìṣirò tí kò lábùkù bá tẹ̀ lé e, yóò ṣì wà lókè títí ẹnìkan yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àìbìkítà nìyí, kí ó wo resistor méjì tí a so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àyíká iná mànàmáná. Láti mọ àpapọ̀ ìdènà wọn, a ó fi ìdènà kọ̀ọ̀kan pín 1, a ó ro èsì méjèèjì pọ̀, a ó sì fi àròpọ̀ náà pín 1. Bí ìdènà ọ̀kan bá jẹ́ òdo, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ á fún wa ní àìlópin. A ro nọ́ńbà kan mọ́ ọn, àìlópin náà ni. A wá fi àìlópin pín 1, òdo la rí. Òdo yìí ni ìdáhùn tó tọ̀nà, nítorí pé ọ̀nà tí kò ní ìdènà ni gbogbo iná yóò gbà. Prógíráàmù tí a bá pa ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kú lórí ìṣirò tí kò ní àléébù. Ti oríṣi karùn-ún tilẹ̀ ju èyí lọ: bí a bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 lásán, èsì kò ní pé géérégé, àsíá yóò sì gòkè. Bí kernel bá ní láti dá prógíráàmù dúró nítorí irú ìyẹn, kò ní ráyè ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Nínú prósẹ́sọ̀ x86 òde-òní, register kan (àyè ìpamọ́ kékeré inú prósẹ́sọ̀) tó ń jẹ́ MXCSR ló ń tọ́jú gbogbo ètò yìí. Bíìtì mẹ́fà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn àsíá, márùn-ún ti ìlànà àti ọ̀kan tí Intel fi kún un fún àwọn nọ́ńbà tín-tìn-tín tó ti bọ́ sísàlẹ̀ ìwọ̀n. Bíìtì 7 dé bíìtì 12 sì ni ìbòjú wọn. Bí ìbòjú bá wà lórí exception kan, prósẹ́sọ̀ á gbé àsíá rẹ̀ sókè, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Iye tí Linux ń fún prógíráàmù tuntun kọ̀ọ̀kan ni 0x1F80: gbogbo ìbòjú wà níbẹ̀, kò sì sí àsíá kankan lókè. Odidi nọ́ńbà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àṣẹ ìpín bá bá òdo pàdé, prósẹ́sọ̀ á pe kernel nípasẹ̀ vector 0 (vector ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wàhálà kọ̀ọ̀kan ń gbà dé ọ̀dọ̀ kernel), kernel kò sì ní èsì tó lè fi dí àlàfo náà, nítorí pé odidi nọ́ńbà kò ní àìlópin, kò sì ní NaN. Gbogbo bíìtì rẹ̀ ni a ti fi ka nọ́ńbà tán.

Prógíráàmù lè ṣí ìbòjú kúrò fúnra rẹ̀. Feenableexcept ni ohun tí a ń pè nínú glibc, àkójọ iṣẹ́ èdè C lórí Linux, láti ṣe é. Láti ìgbà náà lọ, bí àṣẹ SSE kan (àwọn àṣẹ floating-point òde-òní ti x86, tí MXCSR ń darí) bá fi òdo pín nọ́ńbà, prósẹ́sọ̀ á dúró lórí àṣẹ náà gan-an kó tó kọ èsì sílẹ̀, á sì pe kernel nípasẹ̀ vector 19. Kernel yóò wo inú MXCSR, yóò wá àsíá tó gòkè tí kò ní ìbòjú, yóò sì fi signal (ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ kernel) SIGFPE, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8, ránṣẹ́ sí prógíráàmù. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ: kernel kì í sọ pé nǹkan bàjẹ́ kó sì dákẹ́. Ó ń kọ FPE_FLTDIV fún ìpín pẹ̀lú òdo, FPE_FLTOVF fún àkúnwọ́sílẹ̀, FPE_FLTINV fún ìṣirò tí kò nítumọ̀, ó sì ń fi àdírẹ́sì àṣẹ tó fa wàhálà sí i. Fún odidi nọ́ńbà, FPE_INTDIV ló ń kọ. (Ó ń kọ ọ́ pẹ̀lú nígbà tí a bá fi -1 pín odidi nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí àyè rẹ̀ gbà, tí òdo kankan kò sì sí nítòsí, èsì náà ni kò rí àyè wọ̀.) Kernel mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì dáadáa. Shell, prógíráàmù tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa, tó kọ "Floating point exception" sójú ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé nọ́ńbà signal tó pa prógíráàmù nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orúkọ tí nọ́ńbà 8 sì ti ń jẹ́ láti ìgbà tí Unix wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ PDP-11 ló kọ jáde.

Ibi tí mo ti gbádùn ìtàn yìí jù ni ibi tí ìròyìn ti ń pẹ́ dé. Chip ọ̀tọ̀ fún ìṣirò floating-point ni 8087 tí Intel gbé jáde ní ọdún 1980. Bí 8086, tó jẹ́ prósẹ́sọ̀ gan-an, bá ti gbé ìṣirò fún un, yóò máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, 8087 á sì máa ṣírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìṣirò bá fi máa dàrú, prógíráàmù lè ti rìn jìnnà. Kódà nígbà tí Intel kó méjèèjì sínú chip kan ṣoṣo, ìyẹn 80486 ti ọdún 1989, àṣà náà kò yí padà. Exception x87, ìyẹn ti ìran 8087, kì í fara hàn lórí àṣẹ tó fà á. Orí àṣẹ x87 tó bá tẹ̀ lé e ló ti ń yọjú, tàbí orí FWAIT tí a dìídì fi síbẹ̀ láti béèrè. Bí kò bá sí àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìròyìn lè má dé láéláé. Kí a baà lè mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ̀rọ náà ń pa àdírẹ́sì àṣẹ tó ṣe kẹ́yìn àti ti dátà tó lò mọ́ sínú register ọ̀tọ̀, kernel sì gbọ́dọ̀ máa kó wọn pamọ́ pẹ̀lú ìyókù.

Ọ̀nà tí ìròyìn náà ń gbà wọlé tún burú ju pípẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú IBM PC ti ọdún 1981, wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ NMI, interrupt (ìpè tó ń dá prósẹ́sọ̀ dúró) tí wọ́n ṣe kí prósẹ́sọ̀ má lè di etí sí i, tí àṣìṣe memory pẹ̀lú ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lóhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí irú wàhálà tó dé. Nínú PC/AT ti ọdún 1984, IBM gbé e lọ sí IRQ 13, ọ̀nà interrupt mìíràn, BIOS (prógíráàmù tó ń jí ẹ̀rọ) sì ní láti darí rẹ̀ padà sí ọ̀nà NMI kí àwọn prógíráàmù àtijọ́ má baà bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Intel ti ya vector 16 sọ́tọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Nígbà tí 80486 dé, Intel fi bíìtì kan tó ń jẹ́ NE sínú register CR0: bí ó bá wà lókè, vector 16 ni ìròyìn yóò gbà, bí kò bá sí, yóò gba ẹsẹ̀ chip kan jáde síta, yóò sì yí ká wọlé padà gẹ́gẹ́ bí IRQ 13, ẹni tó bá gbà á á sì kọ òdo sí port 0xF0 kó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí gbogbo èyí, Linux ìgbà àkọ́kọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń tan, kernel á ṣí ìbòjú, á mọ̀ọ́mọ̀ fi òdo pín 1, á sì dúró wo ẹnu ọ̀nà tí wàhálà náà máa gbà wọlé, kó tó kọ ọ́ pé exception 16 tàbí irq13 ni òun ń lò. N kò tíì rí kóòdù tó fi òótọ́ inú ju èyí lọ nínú kernel kankan.

Pé ìròyìn pẹ́ kò burú tó pé kí ó bá ẹlòmíràn nílé. Nígbà tí kernel bá fẹ́ gba prósẹ́sọ̀ lọ́wọ́ prógíráàmù kan fún òmíràn, kíkó gbogbo register x87 pamọ́ ń gba àkókò, ọ̀pọ̀ prógíráàmù ni kò sì lò wọ́n rárá. Wọ́n dá ọgbọ́n kan: kernel á fi àwọn register náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, á gbé bíìtì TS sókè nínú CR0, prógíráàmù tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n á sì pe kernel nípasẹ̀ vector 7 kó tó pààrọ̀ wọn. Ó túmọ̀ sí pé ìṣirò ẹnìkan lè wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí ẹlòmíràn ń lo prósẹ́sọ̀, tí IRQ 13 bá sì dé ní àkókò náà, aláìṣẹ̀ ló wà níwájú. Nínú Linux àtijọ́, variable kan tó ń jẹ́ last_task_used_math ló ń rántí ẹni tó lo ẹ̀rọ náà kẹ́yìn, òun ni wọ́n sì ń fi SIGFPE ránṣẹ́ sí, ẹni yòówù kó wà lórí prósẹ́sọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò nígbà náà ni pé register tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè tú àṣírí. Ní ọdún 2018 ni wọ́n kéde àléébù ààbò CVE-2018-3665, tí wọ́n sọ ní LazyFP, tó fi hàn pé prósẹ́sọ̀ Intel lè fi àwọn nọ́ńbà prógíráàmù kan lé òmíràn lọ́wọ́ lásìkò tó ń méfò àṣẹ tó kàn, kí vector 7 tó ráyè dá a dúró. Linux ti ń fi ọgbọ́n náà sílẹ̀ láti ọdún 2016.

Ká wá sọ pé ìròyìn dé lásìkò, tó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Kí ni prógíráàmù lè fi ṣe? Kò tó nǹkan. Bí handler SIGFPE, ìyẹn apá prógíráàmù tó ń gba signal náà, bá kàn padà láìyí ohunkóhun, àṣẹ SSE tó dàrú náà ni prósẹ́sọ̀ yóò tún ṣe, yóò tún dàrú, signal yóò tún wá, títí lọ. POSIX, ìlànà àwọn ètò irú Unix, kò tilẹ̀ ṣèlérí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí handler bá padà bẹ́ẹ̀. Ó lè fò jáde pẹ̀lú siglongjmp, tàbí kó ṣí ẹ̀dà àwọn register tí kernel kó sórí stack kó sì dá ìbòjú padà sínú MXCSR tó wà níbẹ̀. Àtúnṣe èsì láti inú handler jẹ́ iṣẹ́ tí n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dáwọ́ lé. Ibi tí mo rí i pé SIGFPE wúlò ni ìgbà tí NaN bá ti gba gbogbo èsì kan, tí a sì ń wá ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú: a ó ṣí ìbòjú oríṣi àkọ́kọ́ nìkan, a ó jẹ́ kí prógíráàmù kú sínú debugger, ìlà kóòdù tó bí i á sì hàn kedere.

Àwọn tó ń ya prósẹ́sọ̀ ti ń kúrò lórí ọ̀nà trap, ìyẹn kí prósẹ́sọ̀ dúró kó pe kernel, bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lórí prósẹ́sọ̀ Alpha tí ilé-iṣẹ́ DEC gbé jáde ní ọdún 1992, ìròyìn àṣìṣe kì í ní ojú ibi pàtó, àfi bí compiler (tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ) bá tẹ àṣẹ TRAPB sáàárín kóòdù láti dúró dè é, kernel ló sì ń bá a parí ìṣirò àwọn nọ́ńbà tín-tìn-tín. Lórí ARM oníbíìtì 64, ọ̀ràn àṣàyàn ni trap floating-point jẹ́ fún ẹni tó ń ṣe chip, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní in; bí a bá fi òdo pín odidi nọ́ńbà níbẹ̀, òdo la ó rí, kernel kò ní gbọ́ rárá. RISC-V kò ní trap fún floating-point kankan, àsíá nìkan ló ní. Prógíráàmù tó ń yán fanda lórí x86 nítorí pé SIGFPE ń ṣọ́ ọ kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́ bí wọ́n bá gbé e lọ sórí ìwọ̀nyí.

Ìpinnu lórí ìbòjú kì í sì í dúró sọ́wọ́ ẹnìkan nínú prógíráàmù ńlá. Títí di ọdún 2023, Delphi, irinṣẹ́ ìkọ prógíráàmù kan, máa ń ṣí ìbòjú mẹ́ta nínú x87, iye tó ń fi síbẹ̀ nígbà náà ni 0x1332, nítorí náà DLL (àkójọ kóòdù tí prógíráàmù ń yá lò) tí wọ́n kọ fún ètò tó dákẹ́ lè dédé kú nínú ilé Delphi. Kernel pàápàá ń ṣọ́ra: bí Linux bá fẹ́ lo àwọn register wọ̀nyí fún ara rẹ̀, kernel_fpu_begin á kó ti prógíráàmù pamọ́, á sì dá MXCSR padà sí 0x1F80, kí ìbòjú tí prógíráàmù ṣí má baà bu kernel ṣán.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí jù ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5, tó gbéra ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996. Prógíráàmù tó ń díwọ̀n ìrìn rẹ̀, tí wọ́n kọ ní èdè Ada, fẹ́ yí nọ́ńbà floating-point oníbíìtì 64 padà sí odidi nọ́ńbà oníbíìtì 16. Nọ́ńbà náà tóbi ju àyè lọ, exception wáyé, kò sí ẹni tó gbà á, kọ̀ǹpútà náà sì pa ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣètò; èyí tó wà fún ìrọ́pò ti kú bákan náà ṣáájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń darí rọ́kẹ́ẹ̀tì ka ìròyìn àṣìṣe náà bí ẹni pé dátà ìrìn ni, ó yí rọ́kẹ́ẹ̀tì lójijì, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì túká ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 lẹ́yìn tó gbéra. Ohun tó dunni ni pé ìṣirò náà kò wúlò mọ́ ní gbàrà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kúrò nílẹ̀. Kahan fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbèjà ìdákẹ́jẹ́ẹ́: ká ní wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ ni, èsì tí kò dára náà ì bá wà níbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ààyè kan. Odidi nọ́ńbà oníbíìtì 16 kò ní NaN, nítorí náà irọ́ tó jọ òótọ́ ni ì bá wọ inú rẹ̀, oríire sì ni pé kò sí ẹni tó máa lò ó. Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi èsì ṣe nìkan ló lè sọ bóyá ó yẹ kí iṣẹ́ dúró. Prósẹ́sọ̀ kò mọ̀ ọ́n, kernel kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Àsíá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni náà, àsíá ọ̀hún sì ni a kì í wò. Láti ọdún 1999 ni èdè C ti ní fetestexcept, tó ń yẹ àsíá wò, nínú fenv.h, ṣùgbọ́n kóòdù tó ń pè é ṣọ̀wọ́n, compiler náà sì lè sún ìṣirò kọjá ibi tí a ti yẹ àsíá wò bí a kò bá kìlọ̀ fún un. Àwọn tó ń kọ Fortran rí ojú rere ju wa lọ: bí prógíráàmù tí gfortran túmọ̀ bá dé àṣẹ STOP, yóò kọ orúkọ àwọn exception tí àsíá wọn ṣì wà lókè jáde, àyàfi ti oríṣi karùn-ún tó máa ń wà lókè ní gbogbo ìgbà. Mo ti ń fi irú rẹ̀ sínú àwọn prógíráàmù C tèmi pẹ̀lú atexit, tó ń ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn nígbà tí prógíráàmù bá fẹ́ parí, mo sì ń béèrè mẹ́ta péré: ìṣirò tí kò nítumọ̀, ìpín pẹ̀lú òdo, àti àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó rántí pé thread kọ̀ọ̀kan (àwọn okùn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú prógíráàmù kan) ló ní MXCSR tirẹ̀. Àsíá thread tó pe exit nìkan ni atexit yóò rí, nítorí náà thread yòókù gbọ́dọ̀ yẹ tirẹ̀ wò kó tó parí iṣẹ́.